A Kó Máàpù Lé Àwọn Ọmọ Lọ́wọ́, A sì Rìn Lẹ́yìn Wọn

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń kọ́kọ́ bi wá nípàdé ilé ẹ̀kọ́ ni pé, "Kí ni ọmọ mi fẹ́ lọ wá nínú igbó?" Wọn kì í fi inú burúkú bi í. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé owó kòkó bàbá wọn ni wọ́n fi kàwé, wọ́n sì ti pinnu pé ọmọ tiwọn ò ní ru ẹrù oko láéláé. Ìgbà tí mo bá wá dìde pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá gbé ẹrù pọ̀n, kó gba àárín oko kọjá, kó sì sùn sínú àgọ́ fún òru méjì, ibi tí àwọn fúnra wọn ti sá kúrò ni wọ́n rò pé mo fẹ́ dá ọmọ wọn padà sí. Àyè kì í sí láti dá wọn lóhùn tán nípàdé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 nílùú Iléṣà. Ọmọ tó bá dé kíláàsì mi gbọ́dọ̀ mọ máàpù kà, torí WAEC ò ní ṣàì bi í. Wọ́n á há a sórí pé bí ìlà kọ́ńtọ̀, ìyẹn ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn bára mu pọ̀ lórí máàpù, bá fún mọ́ra, ibẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ gan-an. Bó bá jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Wọ́n á fi rúlà wọn ọ̀nà lórí máàpù 1:50,000, wọ́n á ní sẹ̀ǹtímítà méjì dúró fún kìlómítà kan. Wọ́n á gba máàkì wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kó àwọn ọmọ kan náà jáde sí pápá, kí ẹ ní kí wọ́n nawọ́ sí àríwá, ẹ ó rí i tí ọwọ́ máa lọ síhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀ àárín òkè la wà. Téèyàn bá ti kọjá Ìwàràjà tó dojú kọ Àkúrẹ́, òkè ńlá ló wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tó bá a lọ títí. Àwọn ọmọ wa ń gba ọ̀nà yẹn kọjá nínú mọ́tò, orí fóònù ni ojú wọn wà.

Àwọn kan máa ń sọ pé àṣà òyìnbó ni ká kó ọmọ lọ pàgọ́. Òótọ́ ni pé òyìnbó ti ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ní 1941, láàárín ogun, Kurt Hahn, ọmọ Jámánì tí ìjọba Hitler lé kúrò nílùú, wà lára àwọn tó dá Outward Bound, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi òkun àti òkè kọ́ àwọn ọ̀dọ́, sílẹ̀ ní Aberdovey ní ilẹ̀ Wales. Ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á ni pé bí ọkọ̀ bá rì, àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ ló máa ń kú, àwọn àgbà inú wọn á sì yè. Àwọn ọ̀dọ́ yìí lágbára ju àwọn àgbà lọ. Ohun tí wọn ò ní ni ìdánilójú pé àwọn lè fara dà á. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ní 1951, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Alec Dickson bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀kọ́ yẹn ní Man O' War Bay, létí òkun nítòsí ìlú Victoria tí wọ́n ń pè ní Limbe lónìí, nígbà tí Gúúsù Kamẹrúùnù ṣì wà pẹ̀lú Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ wa lọ síbẹ̀, wọ́n gun Òkè Kamẹrúùnù, wọ́n sì bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ Man O' War tí gbogbo wa mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ti wá. Gúúsù Kamẹrúùnù bá tirẹ̀ lọ ní 1961, iṣẹ́ náà kò kú. Shere Hills, nítòsí Jos, ni ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń gun òkè wà. Ẹgbẹ́ Sikáòtù sì ti wọ Nàìjíríà láti 1915, kí a tó bí bàbá ọ̀pọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀ṣà ti ń rìn kí èyíkéyìí nínú wọn tó dé. Ajíbógun tí à ń pè ní Ọbòkun, ohun tí ìtàn fi yìn ín ni pé ó rìn dé etí òkun lọ bu omi tí wọ́n fi wo ojú Odùduwà. Àwọn Òṣómàáló, àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mọ ilẹ̀ Yorùbá láti abúlé dé abúlé. Bàbá bàbá mi máa ń lo oṣù lóko egàn kó tó wálé. Bàbá mi mọ̀ ọ́n rìn, àmọ́ kò wù ú mọ́. Ìran tó tẹ̀ lé wọn ni èmi, ilé ẹ̀kọ́ ni mo sì ti pàdà lọ kọ́ ohun tí mo lè kọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Ìran kan ṣoṣo péré ni ìmọ̀ yìí fi ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni, òun ló sì ń ká mi lára.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ajínigbé ti ṣọṣẹ́ lọ́nà Àkúrẹ́, ó ti ṣọṣẹ́ lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, n kò sì ní fi ẹnu fúyẹ́ sọ pé kò sí nǹkan kan. Kí ìwé ìyọ̀ǹda kankan tó dé ọwọ́ òbí, a ti lọ kí baálẹ̀ abà tí a fẹ́ dé sí, a ti mú ìwé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, a sì ti bá àwọn Amọ̀tẹ́kùn sọ̀rọ̀, ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá gbé kalẹ̀ ní 2020. Àwọn ọlọ́dẹ abà sùn tì wá lóru méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn máa ń ṣáájú wa dé ibi tí a bá fẹ́ gbà, láì jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i. A ò kọ ibi tí a ń lọ sórí Facebook kí a tó lọ. Olùkọ́ tí kò bá lè ṣe gbogbo èyí, kó má kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbì kankan.

Oṣù Kejì la yàn. Òjò ò tíì dé, ilẹ̀ gbẹ, omi Olúmirìn tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ti rọlẹ̀, kò ní í ru lu ọmọ lójijì. Àwọn àgbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sá kòkó tán, wọ́n ráyè dá wa lóhùn. Ewu tí oṣù náà ní ni iná. Ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ oko, iná kékeré tí ọmọ kan bá gbàgbé lè jó kòkó tí ẹnì kan ti fi ogún ọdún tọ́jú. A pa á láṣẹ pé ojú kan ni gbogbo ẹgbẹ́ yóò ti dáná, wọ́n á ro ìdí rẹ̀ yí ká títí dé yẹ̀pẹ̀ pupa, korobá omi á wà níbẹ̀, ẹnì kan á sì máa ṣọ́ ọ títí wọn yóò fi bomi pa á.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ejò, torí ìbéèrè kejì àwọn òbí nìyẹn. Bùùtù rọ́bà tí àwọn àgbẹ̀ ń wọ̀ ni mo ní kí gbogbo ọmọ wọ̀, kì í ṣe kanfáàsì, ṣòkòtò gígùn sì ni. A kọ́ wọn kí wọ́n máa fi ọ̀pá na ewé níwájú, kí wọ́n má ki ọwọ́ bọ ihò, kí wọ́n má sì jókòó lórí igi tó ṣubú láì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ejò bá sì bu ẹnikẹ́ni ṣán, a ò ní fi abẹ ya ojú rẹ̀, a ò ní fi ẹnu fa oró, a ò ní fi okùn dì í pinpin. A ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, a ó fi igi gbe ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, a ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà kíá. Mọ́tò kan wà ní abà tó dojú kọ ọ̀nà látìgbà tí a dé títí di ìgbà tí a lọ. Ọmọbìnrin kan tó ní ikọ́ fée wá pẹ̀lú ìnhélà rẹ̀. Èkejì rẹ̀ wà nínú àpò mi, tí n kò sọ kalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló pa àwọn ọmọ lẹ́nu mọ́. Òfin tí mo gbé kalẹ̀ ni pé ẹrù ọmọ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ: ẹni tó bá wọn 50 kìlógíráàmù, 10 ni tirẹ̀. A yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ra kòkó, ìyẹn tí wọ́n ń fi kọ́ àpò, a sì kọ́ ẹrù gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàtà onírúurú jáde, ìpara jáde, ọmọkùnrin kan gbé irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọrin kíkan-kíkan wá, ìyẹn náà padà sílé. Omi lítà mẹ́ta, ẹní, aṣọ ìbora, abọ́, ṣíbí, tọ́ọ̀ṣì, fèrè, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn: ìwọ̀nyí ni kò ṣeé yọ. Àwọn ọmọbìnrin gba tiwọn lọ́wọ́ mi níkọ̀kọ̀, pádì àti ọ̀rá dúdú tí wọn yóò fi kó èyí tí wọ́n bá lò padà. Mo sọ ọ́ síta níbí nítorí mo mọ ọmọ tí kò lọ sírú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí torí pé nǹkan oṣù rẹ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, tí kò sì sí àgbà obìnrin tó bi í.

A pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà. Nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan mú máàpù, ẹnì kan mú kọ́ńpáàsì, ẹnì kan ń ka èèyàn, ẹnì kan ni arìnkẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ àfi olùkọ́. Òfin tiwa olùkọ́ sì le ju tiwọn lọ: a ó rìn lẹ́yìn, a ò ní sọ̀rọ̀ àyàfi tí ewu bá wà.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró pẹ́ rèé, torí ohun tí mo ní láti sọ fún àwọn òbí wà níbẹ̀.

Ọ̀nà wa bẹ̀rẹ̀ láti abà kan lẹ́yìn Ẹ̀rìn-Òkè. Inú oko kòkó ló gbà, ó sì ń bá odò kékeré kan lọ sókè. Lórí máàpù, ọwọ́ òsì wọn ni odò náà gbọ́dọ̀ wà títí wọn yóò fi dé ibi tí a ó pàgọ́ sí. Ẹgbẹ́ tí èmi ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ rìn dáadáa, wọ́n ń kọrin. Wọ́n dé oríta. Ọ̀nà òsì fẹ̀, ẹsẹ̀ táyà ọ̀kadà wà nílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀tún tín-ín-rín, koríko ti ń bò ó. Ẹni tó mú máàpù ká a mọ́ abẹ́ apá, ó yà sósì. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Èmi àti olùkọ́ Bàọ́lọ́jì tí a jọ wà lẹ́yìn wo ara wa. Ọ̀rọ̀ ń yọ sí i lẹ́nu, mo fi ọwọ́ mi lé e lápá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ó rọrùn. Olùkọ́ ni wá. Láti ọdún pípẹ́ la ti ń gba owó torí pé a ń sọ ìdáhùn jáde. Kí n máa wo ọmọ tí mo kọ́ tó ń ṣìnà níwájú mi, kí n sì di ẹnu mi mú, ó le lára mi ju òkè tí a gùn lọ́jọ́ kejì lọ.

Wọ́n gba orí afárá pákó kan kọjá. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú omi lọlẹ̀, koríko ti bò ó, kò sẹ́ni tó bojú wo abẹ́ pákó náà. Wọ́n rìn tó nǹkan bí ìdajì wákàtí sí i. Ọmọbìnrin tó jẹ́ arìnkẹ́yìn ló ṣáà dúró tó ní, "Ẹ gbọ́ ná, odò dà?" Gbogbo wọn dákẹ́. Ní ìdákẹ́ yẹn la gbọ́ omi, ọwọ́ ọ̀tún ló wà.

Ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní odò mìíràn ni. Ẹnì kan ní máàpù ló ti gbó. Ọmọkùnrin tó ga jù nínú wọn ní ọ̀nà tó fẹ̀ ni ọ̀nà, kí wọ́n má wulẹ̀ dúró. Ọ̀kan yíjú sí mi, ó ní, "Mà, ẹ sọ fún wa." Mo ní kò sí ewu, mi ò ní sọ̀rọ̀. Inú bí i, mo rí i lójú rẹ̀.

Wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, n kò rí i rí nínú kíláàsì. Wọ́n fi kọ́ńpáàsì yí máàpù títí àríwá inú rẹ̀ fi bá àríwá ilẹ̀ mu. Ẹnì kan rántí pé ibi tí odò bá gbà, kọ́ńtọ̀ máa ń ya V, ṣóńṣó V náà sì máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Wọ́n fi ìka tọ V náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Arìnkẹ́yìn ní, "A ti kọjá omi ni. Afárá pákó yẹn, abẹ́ rẹ̀ ló wà." Nígbà náà ni ọmọkùnrin kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ wá ṣàlàyé pé ọ̀kadà kì í lọ síbi tí kò sí ènìyàn: ẹsẹ̀ táyà tí wọ́n tẹ̀ lé, abà tí wọ́n ti ń ra kòkó ló ń lọ. Ibi tí àwọn ń lọ kò sí ọjà níbẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ ò lè fẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ mẹ́fà gbé ẹrù, wọ́n padà.

Wákàtí kan ló bá a lọ. Lóṣù Kejì, oòrùn máa ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa kí aago méje tó lù, ilẹ̀ wa kì í sì í pẹ́ ṣú bó bá ti wọ̀. Àwọn ọmọ náà mọ̀. Wọn ò kọrin mọ́. Ẹni tó ń yára jù gba abọ́ àti ìkòkò lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ́ra jù, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ẹni tó lọ́ra jù sì bọ́ síwájú kí gbogbo wọn lè máa rìn bó ṣe ń rìn. Wọ́n débi àgọ́ nígbà tí ojú ṣì ń ríran.

Bàbá kan bi mí lẹ́yìn ìgbà yẹn pé kí ni owó olùkọ́ wà fún tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ máa wo ọmọ kó ṣìnà. Mo sọ fún un pé a ti rin ilẹ̀ náà ṣáájú. Títì wà lápá kan, odò wà lápá kejì, ọlọ́dẹ wà níwájú, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ ṣìnà lọ tí a ò mọ̀. Inú àyè tí a ti ṣọ́ ni mo ti gbà kí wọ́n ṣìnà, torí pé níbi tí àṣìṣe ò ti lè pa ọmọ ni kó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àwọn ti ṣìnà. Ní ọjọ́ tó bá dé yunifásítì, tàbí tó wọ ìlú tí kò mọ ẹnì kan, a ò ní sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí olùkọ́ bá ń kó ọmọ lọ sígbó tó sì ń ṣáájú wọn, ìgbafẹ́ ló kó wọn lọ, kò sì sí ohun tó burú nínú ìgbafẹ́, àmọ́ kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà dùn. Ìṣáná ti tutù nínú àpò ẹni tó gbé e nítorí ìgò omi tó jò, iná kọ̀ kò ràn. Bàbá tó ni ilẹ̀ tí a pàgọ́ sí gbé ẹyín iná dé láti abà nínú àpáàdì, ó bò ó lórí, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Ọmọ kan nínú wọn máa ń ki oríkì Ìjẹ̀ṣà fún ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ àṣà. Bó ṣe rí àpáàdì yẹn ló lanu: "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lẹrú Ọwá ti ń muná roko." Ó kì í tán, ó wá sọ fún mi pé òun ti ń kì í láti kékeré, òun ò mọ̀ pé ẹnì kankan gbé iná rìn lóòótọ́. Bàbá ní kó tún un kì. Ó tún un kì. Iṣu la sun, epo àti iyọ̀ la fi jẹ ẹ́. Àwọn tó di Indomie wá ṣe tiwọn, wọ́n sì tún wá tọrọ iṣu.

Ní òru, ohun kan figbe ta láti orí igi. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń ròkè, ó ń ròkè, títí ó fi di igbe ẹni tí wọ́n ń lù. Omiran dá a lóhùn lókèèrè. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí àwọn ọmọ tó tó nǹkan bí ogójì ṣe lè wọ inú àgọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní iwin ni, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ni, ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Bàbá rẹ́rìn-ín láti ibi tó jókòó sí, ó ní, "Ọ̀wàwà ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Kò ju ehoro lọ." Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì wá fi tirẹ̀ kún un pé nínú gbogbo ẹran tó wà láyé, erin àti ẹran inú omi kan tí wọ́n ń pè ní manatee ló bá ọ̀wàwà tan jù lọ. Wọ́n ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó ti Bàbá, ó sì ń sọ orúkọ ohun tó bá ké fún wọn títí oorun fi kun àwọn kan. Nínú gbogbo olùkọ́ tó wà níbẹ̀, òun ni wọ́n bi ní ìbéèrè jù. Kò kàwé rí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí i pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ nǹkan, kí wọ́n sì rí i nígbà tí wọ́n nílò ohun tó mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Olúmirìn la gùn. Ọ̀pọ̀ yín ti débẹ̀, n kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Ìtàn ní Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà lóbìnrin, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tó ń kó àwọn èèyàn rẹ̀ bọ̀ wá tẹ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dó. Ìpele méje ló ní. Ìpele àkọ́kọ́ ni èrò máa ń kún, tí wọ́n ti ń ya fọ́tò. Lẹ́yìn rẹ̀, gbòǹgbò igi àti òkúta lèèyàn ń dì mú. Mo dá wọn dúró síbi tí àpáta ti yọ, mo ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Quartzite ni, òkúta líle tó ń dán, tí òjò àti oòrùn kì í tètè jẹ. Òkúta tó rọ̀ jù ú lọ tó wà nítòsí rẹ̀ ti jẹrà lọ láti ayébáyé, òun ló dúró di òkè, tí omi fi ní ibi tó ń já bọ́ sí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ yẹn sójú bọ́ọ̀dù fún ọ̀pọ̀ kíláàsì. Lọ́jọ́ yẹn ni àwọn ọmọ béèrè ohun tí wọn ò béèrè rí: ta ló máa kọ́kọ́ tán, òkè ni àbí omi?

A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ nínú ibú. Ọmọkùnrin kan dé ìpele kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, ibi gíga ń bà á lẹ́rù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó, wọ́n jíròrò, ẹnì kan ní òun á dúró tì í, olùkọ́ kan dúró tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn yòókù dé òkè téńté, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbé, tí ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì ò ti jìnnà mọ́. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n fi àpò kòkó ṣa ọ̀rá piọ́ wọ́tà tí àwọn ẹlòmíràn dà sílẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn àgbàlagbà tó dà á sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò wọ́n.

Ọjọ́ kẹta, a tú àgọ́, a dí ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a gbẹ́ jìnnà sódò, a dúpẹ́ lọ́wọ́ baálẹ̀, a wọ mọ́tò. Ìjàlọ ti gba àgọ́ kan láàárọ̀, bí àwọn ọmọ ṣe ń bọ́ bùùtù sọnù tí wọ́n ń fò káàkiri, wọ́n á fúnra wọn sọ fún yín.

Mi ò sọ pé gbogbo wọn padà bọ̀ ní ẹni ọ̀tun. Àwọn méjì kan sọ fún mi lójú pé àwọn ò lọ mọ́ láé, mo sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì báyìí, bí mo bá tẹ́ máàpù, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni ìhà tí odò wà. Òbí kan sì wá bá mi níta ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọmọ òun dé, ó ní dandan kí òun fi ààlà oko bàbá òun hàn án: níbo ni odò gbà, níbo ni pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà wà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti dé oko náà kẹ́yìn. Àwọn méjèèjì lọ ní Sátidé. Wọ́n rí pèrègún mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìkẹrin, ẹnì kan ti hú u, wọ́n sì ti wà lẹ́nu ẹjọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí báyìí. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A tún ń múra ti oṣù Kejì tó ń bọ̀. Àgọ́ wa ò tó. Ẹni tó bá ní èyí tó dára tí kò lò, a ó yá a, a ó sì dá a padà ní mímọ́. A ń wá bùùtù rọ́bà fún àwọn ọmọ tí òbí wọn ò lágbára láti rà á, nọ́ńbà márùn-ún sí mẹ́jọ ló wọ́n jù. A ń wá nọ́ọ̀sì kan tó lè bá wa sùn síbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Ifẹ̀, ní Òṣú, ní Ìpetu, bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tiyín, ẹ wá bá wa rìn ná, kí ẹ rí bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀ kí ẹ tó kó ọmọ jáde.

Ìwé ìyọ̀ǹda yóò jáde bí a bá ti wọlé fún táàmù kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fọwọ́ sí i, torí mo gbọ́dọ̀ lọ sọ iye ọmọ tó ń bọ̀ fún Bàbá kó tó gbin ẹ̀gẹ́ síbi tí a ti ń pàgọ́.